Ríra Ẹṣin, Bíbọ́ Ẹṣin: Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Olówó Pọ́ọ́kú nínú Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

 

Inú mi dùn pé Ẹ̀ka wa gbà láti gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí jáde kúrò nínú ọgbà yunifásítì wá sí àárín ìlú, ní ojú ọ̀nà Táíwò. Kì í ṣe pé gbọ̀ngàn wọ́n wa lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kan àwọn tí ó ń ta ẹ̀rọ, tí ó ń rà á, tí ó sì ń tún un ṣe, bí ó ti kan àwa tí a ń kọ ìwé nípa rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí sí àárín àwa olùkọ́ nìkan, a jẹ́ pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

1. Ìfáárà

Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn kò gùn. Bí ìjọba kan bá pinnu láti fi kọ̀ǹpútà alágbèéká olówó pọ́ọ́kú lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, kí ni ó yẹ kí ó ti wà nílẹ̀ kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó dé?

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ irú ètò báyìí ni iye owó ẹ̀rọ kan àti iye ẹ̀rọ tí a fẹ́ rà. A ó sọ èkíní ní ìlọ́po èkejì, a ó pe àwọn oníwèé ìròyìn, a ó sì ya fọ́tò. Èmi kò sọ pé ìṣirò yìí kò ṣe pàtàkì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìdajì ìṣirò ni.

Ìlú Ìlọrin ni a wà, ìlú tí kò ṣàjèjì sí ẹṣin. Ẹni tí ó bá ra ẹṣin kò tíì náwó. Koríko ń bẹ níbẹ̀, ọkà bàbà ń bẹ níbẹ̀, omi, gàárì àti ìjánu ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí yóò máa tọ́jú ẹṣin náà tàárọ̀-talẹ́ sì ń bẹ níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ẹṣin ń jẹun, yálà olówó rẹ̀ gùn ún lónìí tàbí kò gùn ún. Ẹni tí ó bá ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ sórí ẹṣin, tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún koríko, òkú ẹṣin ni ó rà. Kọ̀ǹpútà inú ilé-ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀. Iná ni koríko rẹ̀, àtúnṣe ni ìtọ́jú rẹ̀, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò sì ni ẹni tí ó ń gùn ún.

2. Láti orí síléètì dé orí kọ̀ǹpútà

Kì í ṣe òní ni ilẹ̀ wa kọ́kọ́ gbìyànjú láti pèsè ohun èlò ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tí ó lé ní 811,000. Síléètì, ìwé, àga àti olùkọ́ ni a ní láti wá fún wọn. Síléètì ní ìwà rere kan tí a kì í rántí yìn ín fún: bí ó bá fọ́, òbí lè ra òmíràn lọ́jà. Kò jẹ iná, kò béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kí ó tó ṣí, ẹnikẹ́ni tí ó ní ẹfun sì lè lò ó. Ohun èlò tí àwọn tí ó ń lò ó lè fúnra wọn rọ́pò máa ń pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn.

Ètò kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí ayé kan ní oṣù kìíní ọdún 2005, nígbà tí Nicholas Negroponte, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, kéde ní Davos pé òun yóò ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká tí owó rẹ̀ kò ní ju $100 lọ. Orúkọ ètò náà ni One Laptop per Child. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ní ìpàdé àjọ àgbáyé ní Tunis, òun àti Kofi Annan fi àwòṣe ẹ̀rọ náà han gbogbo ayé. Ó ní ọwọ́ kan tí ọmọ yóò máa yí láti fi pèsè iná fún un. Nígbà tí Annan yí i, ọwọ́ náà yọ kúrò. Ẹ̀rọ tí ó jáde lẹ́yìn náà, tí a pè ní XO, kò ní ọwọ́ ìyínná mọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu ní òpin ọdún 2007, owó rẹ̀ sún mọ́ $190.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi ẹ̀rọ náà ṣe ẹlẹ́yà. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ pọ̀. Ọmọ lè ka ojú rẹ̀ nínú oòrùn gangan. Kò ní fáànù tí yóò máa fa eruku wọlé. Iná tí ó ń jẹ kéré púpọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ nígbà náà. Àwọn tí ó ṣe é ti ronú nípa oòrùn, òjò àti eruku. Ohun tí wọn kò rò tó ni ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

3. Gàládíímà, ọdún 2007

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ dá sí ètò náà. Ní ayé ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, a gbọ́ pé mílíọ̀nù kan ẹ̀rọ ni Nàìjíríà yóò rà. Ní ọdún 2007, nǹkan bí 300 ẹ̀rọ ni a kó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Gàládíímà, ní agbègbè Àbújá, láti dán an wò. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní iná mànàmáná, nítorí náà ní láti kọ́kọ́ wá iná àti ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbà dé ibẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a kíyè sí nípa Gàládíímà. Èkíní, àwọn ọmọ náà kò bẹ̀rù ẹ̀rọ. Nígbà tí díẹ̀ bàjẹ́, àwọn ọmọ fúnra wọn ṣí ohun tí wọ́n pè ní ilé-ìwòsàn kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń tún wọn ṣe. Ìyẹn ni pé ọgbọ́n àtúnṣe kò jìnnà sí wa bí a ti rò. Èkejì, ní oṣù keje ọdún náà, ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ kan ti fi íntánẹ́ẹ̀tì náà wo àwòrán ìhòòhò, ìgbà yẹn ni a tó sọ̀rọ̀ sísé ọ̀nà irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣílẹ̀kùn ọjà sílẹ̀ fún ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ dá wọ ọjà. Ẹ̀kẹta ni pé ìjọba yí padà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007. Mílíọ̀nù kan ẹ̀rọ náà kò dé. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tuntun béèrè ní gbangba pé kí ni ìtumọ̀ fífún ọmọ ní kọ̀ǹpútà nígbà tí kò ní àga tí yóò jókòó lé, tí kò sì ní aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Èmi kò gbà pé ìbéèrè náà pa ètò kọ̀ǹpútà run, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ìbéèrè òmùgọ̀. Ọmọ tí ó gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún nítorí pé kò ní tábìlì yóò jẹ́ kí ó já bọ́ láìpẹ́. Tábìlì jẹ́ ara ètò kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yóò san owó rẹ̀ ní ibi àtúnṣe.

4. Ọpọ́n Ìmọ̀ àti KwaraLEARN

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí ètò Ọpọ́n Ìmọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì ni, fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíríámà àgbà, 150,000 sì ni iye tí ìjọba kéde pé òun yóò pín. Ìwé 56 lórí iṣẹ́ 17 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá àti ẹ̀kọ́ tí a fi ohùn sọ. Kò gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun gbogbo ti wà nínú ẹ̀rọ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ.

Mo fẹ́ yìn ín fún ohun méjì. Orúkọ rẹ̀ jẹ́ orúkọ tí ó ní gbòǹgbò. Ọpọ́n ni babaláwo ń tẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ọpọ́n kan náà ni ọmọ yóò fi ọwọ́ tẹ̀ báyìí kí ó tó rí ìmọ̀. Ohun kejì ni pé àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ mọ̀ pé ìwé ni ọmọ ń wá, wọ́n sì ra ìwé mọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ètò ni ó ti ra ẹ̀rọ ṣófo, tí ó sì retí pé ìmọ̀ yóò rọ̀ sínú rẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìwé 56 bá wà nínú àpótí kan ṣoṣo, ọjọ́ tí bátìrì àpótí náà bá kú ni ìwé 56 kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tí ìwé ìṣirò rẹ̀ sọnù láyé àtijọ́ ṣì ní ìwé mìíràn lọ́wọ́. Nítorí náà, bí a bá fi ẹ̀rọ rọ́pò ìwé, àtúnṣe ẹ̀rọ kì í ṣe àfikún mọ́, òun ni ìpèsè ìwé gan-an.

Ní Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Ní ọdún 2022 ni ètò KwaraLEARN bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, lábẹ́ Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ NewGlobe, ẹni tí ó ti bá Ìpínlẹ̀ Edó ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 2018 àti Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2019. Nínú ètò yìí, olùkọ́ ni a fún ní tábúlẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ọmọ. Inú rẹ̀ ni olùkọ́ ti ń rí ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń mọ̀ bóyá ó wá sí ibi iṣẹ́.

Àwọn kan ń ráhùn pé ètò báyìí ń sọ olùkọ́ di ẹni tí ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ fún un. Ìráhùn náà tọ́ sí àyẹ̀wò, mo sì retí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ní ti àkóso ẹ̀rọ, ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kíláàsì tí ó ní ọmọ 40 nílò ẹ̀rọ 1 dípò 40. Olùkọ́ lè gba iná sínú rẹ̀ ní ilé. Ẹni tí ó gba ẹ̀rọ ti dàgbà, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù, a sì mọ ibi tí a ó ti rí i. Ní kúkúrú, ẹṣin tí a rà kò ju koríko tí a ní lọ.

5. Ohun tí ojú àwọn ará òkèèrè rí

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rìn díẹ̀.

Ní Uruguay, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ètò tí wọ́n pè ní Plan Ceibal bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007 pẹ̀lú 150 ẹ̀rọ ní abúlé kan ṣoṣo. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2009, gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti ní tirẹ̀. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju èyí lọ. Wọ́n so ilé-ẹ̀kọ́ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣètò àtúnṣe, wọ́n sì lo títìpa kan tí ó wà nínú ẹ̀rọ XO: bí ẹ̀rọ kan kò bá fara han ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ìgbà tí a dá fún un, yóò ti ara rẹ̀ pa. Olè tí ó jí i kò rí nǹkan kan tà.

Ní Peru, ẹ̀rọ tí wọ́n pín lé ní 800,000, púpọ̀ nínú rẹ̀ sí àwọn abúlé orí òkè. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ilé-ìfowópamọ́ ìdàgbàsókè ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ilé-ẹ̀kọ́ 319. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, wọn kò rí ẹ̀rí pé àwọn ọmọ tí ó gba ẹ̀rọ mọ ìṣirò tàbí kíkà ju àwọn tí kò gbà á lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n rí ìlọsíwájú díẹ̀ nínú bí ọpọlọ wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí àyẹ̀wò náà fi hàn ni pé ẹ̀rọ nìkan kì í kọ́ni. Bí olùkọ́ kò bá yí ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ padà, kọ̀ǹpútà yóò di pátákó mìíràn tí a ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ara ògiri.

Ní Áfíríkà tiwa, Rwanda pín ohun tí ó lé ní 200,000 láti ọdún 2008. Ní Kenya, ìjọba tí ó wọlé ní ọdún 2013 ṣèlérí kọ̀ǹpútà fún ọmọ tí ó bá wọ kíláàsì kìíní. Ọdún mẹ́ta kọjá kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní ọdún 2016, ní àkókò náà sì ni wọ́n fa iná dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́ níkẹyìn lé ní mílíọ̀nù kan. Yunifásítì Moi àti yunifásítì Jomo Kenyatta wà lára àwọn tí ó gba iṣẹ́ títo ẹ̀rọ náà pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ni ẹ̀rọ, kì í ṣe ọmọ. Àwọn ènìyàn bú ìjọba nítorí ọdún mẹ́ta náà. Ní tèmi, ọdún mẹ́ta tí a fi fa iná kò ṣòfò. Iná náà yóò ṣì wà nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gbó.

6. Ìṣirò koríko

Mo fẹ́ kí a jọ ṣírò díẹ̀. Kò nílò ju ìmọ̀ ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ.

Iná ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ká ní kọ̀ǹpútà kékeré kan ń jẹ wáàtì 20 nígbà tí ó bá ń gba iná. Kíláàsì kan tí ó ní ọmọ 40 yóò jẹ wáàtì 800. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó kún ilé àti ṣọ́ọ̀bù wa kò lè gbé ìyẹn pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá ní ọmọ 400, tí gbogbo wọn sì fẹ́ gba iná lẹ́ẹ̀kan, ó di wáàtì 8,000. Ìbùdó iná Jẹ́bà kò jìnnà sí wa, ọdún 1985 ni wọ́n ṣí i. Síbẹ̀, gbogbo wa mọ bí iná ti ń ṣe wá ní àdúgbò wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ra ẹ̀rọ tí kò ra agbára oòrùn àti bátìrì ńlá mọ́ ọn, ó ń ra ìpalẹ̀mọ́. Ó sì sàn kí a pín gbígba iná sí ọ̀nà mẹ́wàá, kíláàsì kan lẹ́yìn òmíràn, ju kí a wá iná ńlá tí a ó lò fún wákàtí mélòó kan.

Èkejì ni ìbàjẹ́. Ká ní ìpínlẹ̀ kan pín ẹ̀rọ 10,000, tí 1 nínú 10 sì ń bàjẹ́ lọ́dọọdún. Bí kò bá sí àtúnṣe, ní òpin ọdún kìíní 9,000 ni yóò kù, ní òpin ọdún kejì 8,100, ní òpin ọdún kẹta 7,290. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú kíláàsì ọmọ 40, ọmọ 10 tàbí 11 ń wo ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn. Olùkọ́ kò lè fi ẹ̀rọ kọ́ àwọn kan kí ó fi àwọn kan sílẹ̀, nítorí náà kò ní fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Ètò náà yóò kú nígbà tí ẹ̀rọ tí ó lé ní 7,000 ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí a bá sì fẹ́ tún wọn ṣe, 1,000 lọ́dún jẹ́ 25 lọ́sẹ̀ bí a bá ka ọ̀sẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sí 40, ìyẹn 5 lójúmọ́. Oníṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó mọṣẹ́ lè ṣe é láìlàágùn, bí ẹ̀yà ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀. Ẹ rí i pé iṣẹ́ náà kò pọ̀ ju agbára wa lọ. Àìṣètò rẹ̀ ni ó ń pa wá.

Ẹ̀kẹta ni eruku àti ooru. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀rọ tí ó ní fáànù ní Ìlọrin dà bí ẹni tí ó ń fa áṣáà. Ẹ̀rọ tí kò ní fáànù ni ó yẹ wá, bí ó tilẹ̀ lọ́ra díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ń ra tòkúnbọ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí tòkúnbọ̀ tí ó lágbára lè sàn ju tuntun tí kò ní láárí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dẹ́kun ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè gba èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gbọdọ̀ mọ ohun mìíràn tí yóò fi sínú rẹ̀, bíi Linux, ó sì gbọdọ̀ ní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó dára jù ni kí a ṣètò ẹ̀rọ kan dáadáa, kí a dà á kọ sínú gbogbo ìyókù, kí wọ́n jọra bí ìbejì. Nígbà tí ọ̀kan bá dàrú, a ó nù ún nù, a ó sì tún da àtètèkọ́ṣe rẹ̀ padà sínú rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ oríṣi mẹ́wàá, iṣẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá.

Ẹ̀karùn-ún ni ìbẹ̀rù. Èyí kì í hàn nínú ìwé ìṣirò. Mo ti dé ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí ẹ̀rọ tuntun wà nínú páálí wọn lẹ́yìn ọdún méjì, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì wà ní àpò ọ̀gá. Ọ̀gá náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá ni ó sọ pé òun ni yóò san owó èyíkéyìí tí ó bá bàjẹ́. Owó oṣù rẹ̀ kò ju owó ẹ̀rọ méjì lọ. Kí ni a fẹ́ kí ó ṣe? Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí á lo ẹ̀rọ gbọdọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe gbèsè olùkọ́. Bí àdá bá ń ṣiṣẹ́, yóò kú lẹ́nu.

7. Ọ̀rọ̀ èdè

N kò lè parí ọ̀rọ̀ ní Ẹ̀ka wa láìmẹ́nu kan èdè. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ náà kò sẹ́yìn nínú iṣẹ́ kankan, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ìjọba lè yí ọkàn padà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọmọ ọdún méje fi ń lóye ọ̀rọ̀ kò yí padà.

Kọ̀ǹpútà lè ràn wá lọ́wọ́ níbí ju ìwé títẹ̀ lọ, nítorí pé ìwé kan tí a kọ lẹ́ẹ̀kan lè wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ láìná kọ́bọ̀ lórí bébà. Ṣùgbọ́n kíbọ́ọ̀dù gbọdọ̀ lè kọ ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ̀rọ XO tí a ṣe fún Nàìjíríà ní kíbọ́ọ̀dù tí ó gba àwọn èdè wa, ní ọdún 2007 sì ni ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Lancor gbé ètò náà lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Èkó, tí ó ní ọgbọ́n kíbọ́ọ̀dù òun ni wọ́n mú láìgba àṣẹ. Ẹni tí ó ń jà lórí nǹkan mọ̀ pé ó níye lórí. Ó yẹ kí ìwé ìbéèrè fún ẹ̀rọ tí ìpínlẹ̀ wa bá fẹ́ rà sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rọ tí kò bá lè kọ orúkọ ọmọ náà bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é, a kò rà á.

8. Àbá

Àbá mi jẹ́ márùn-ún.

Èkíní, kí á tẹ̀ lé ipele: olùkọ́ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ 40 tí gbogbo kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ kan yóò jọ máa pín lò, lẹ́yìn náà ni ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kí á má ṣe kọjá sí ipele kan títí tí èyí tí ó wà ṣáájú rẹ̀ yóò fi pé ọdún méjì lórí ìdúró.

Èkejì, nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí a bá yà sọ́tọ̀, kí ẹ̀rọ má gbà ju ₦50 lọ. Kí ìyókù lọ sórí iná, tábìlì, ẹ̀kọ́ olùkọ́, ẹ̀yà ẹ̀rọ àti owó àtúnṣe fún ọdún márùn-ún.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lára, kí nọ́ńbà náà wà nínú ìwé kan ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé kejì ní ọ́fíìsì. Ní òpin sáà kọ̀ọ̀kan, kí á kọ ipò tí ó wà. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ mọ irú ìwé yìí dáadáa, wọ́n fi ń ka àga àti aago ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ó kan ẹ̀yin tí ẹ wà ní Táíwò. Ní ojú ọ̀nà yìí àti ní àwọn òpópónà tí ó yí i ká, àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ tí ó ń tú fóònù àti kọ̀ǹpútà palẹ̀, tí wọ́n sì ń tò wọ́n padà, pẹ̀lú ọmọ-iṣẹ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ètò ńlá bá dé, a máa ń fi àtúnṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ a lọ, kò sì ní tètè bọ̀. Kí a dán àwọn oníṣẹ́ wa wò, kí a fún àwọn tí ó bá yege ní ìwé ẹ̀rí, kí a sì pín ilé-ẹ̀kọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe san owó fún wọn lórí iye ẹ̀rọ tí wọ́n tún ṣe, nítorí ìyẹn lè mú kí ẹ̀rọ máa bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Kí a máa san án lórí iye ẹ̀rọ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi sí ìkáwọ́ wọn. Àwọn ni kí ó sì máa gba bátìrì tí ó ti kú padà, kí ó má baà di ohun tí ọmọ ń dáná sun lórí ààtàn.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìjọba máa kéde iye kan lọ́dọọdún. Kì í ṣe iye ẹ̀rọ tí a pín. Iye ẹ̀rọ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọdún kẹta ni.

9. Ìkádìí

Àwọn kan yóò sọ pé fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, pé kí ni a tún ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ojú fóònù kò fẹ̀ tó láti kọ àròkọ, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti fi kọ́ bí a ti ń ṣe ètò fún ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ní fóònù nìkan yóò máa rà, yóò sì máa wò. Ẹni tí ó bá ní kọ̀ǹpútà lè ṣe nǹkan tà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni yóò jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ olówó àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ogún ọdún sí i. Nígbà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tìpa ní ọdún 2020 nítorí àrùn COVID-19, a rí ìyàtọ̀ náà kedere. Àwọn ọmọ kan ń bá ẹ̀kọ́ lọ lórí kọ̀ǹpútà ní ilé, àwọn mìíràn ń dúró de rédíò, bí iná bá wà, bí bátìrì bá wà.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí á má ra ẹ̀rọ. Mo ń sọ pé kí á ra ìwọ̀n tí a lè bọ́, kí á sì máa fi kún un bí koríko ti ń pọ̀ sí i. Ọdún ọmọ kì í padà. Ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹrin nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ kò ní dúró dè wá títí tí àtúnṣe yóò fi dé. Yóò ti jáde.

Mo rọ ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ wà níbí láti ka ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yín kí sáà yìí tó parí, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́, kí ẹ sì fi iye méjèèjì ránṣẹ́ sí Ẹ̀ka wa. Mo rọ ẹ̀yin oníṣẹ́ láti kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé wa kí ẹ tó lọ. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.